Abo Ẹṣin Tí A Ò Fi Okùn Dè

Òórùn ewé dóńgóyárò tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú tí mo bá rántí àgbàlá náà. Àdúgbò Shehuri ló wà, ní ìlú wa ní apá àríwá, kò jìnnà sí ààfin. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ yanrìn, ògiri amọ̀ ló sì yí i ká. Láàárọ̀, kí ooru tó mú, eruku á rọra máa fò nínú ìmọ́lẹ̀, gbogbo nǹkan á sì dà bí ohun tí èèyàn ń wò lójú oorun. Mo ti parí ilé ìwé girama nígbà náà, mò ń dúró de yunifásítì. Màámi, tó ń ta aṣọ ní ọjà Gamboru, ló ní kí n yé jókòó sílé tẹ fóònù, kí n lọ máa ran baba àgbàlagbà tó ni àgbàlá náà lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni kí bàbá mi tó kú.

Ẹṣin ni wọ́n ń sìn nílé Baba. Tí Iléyá bá dé, àwọn ọmọ rẹ̀ á gẹṣin lọ kí ọba. Ṣùgbọ́n abo ẹṣin kan wà níbẹ̀, aláwọ̀ eérú, tó wá láti abúlé kan tí wàhálà ti lé àwọn èèyàn jáde. A ò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Tó bá ti rí okùn báyìí, á máa gbọ̀n, á sì máa tàpá. Àwọn ọmọ Baba ní kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń pa ẹṣin jẹ. Baba bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà pé àwọn á dúró di Iléyá. Bí ẹnikẹ́ni bá lè mú un jáde dé òpópónà, tó sì mú un padà wálé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹṣin náà á máa gbé nílé náà títí ayé rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dọ̀ àwọn apẹran ló ń lọ.

Ẹsẹ̀ Baba ò lágbára mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì ní sùúrù. Èmi ni mo ní màá ṣe é. Mo ṣáà ti wo fídíò àwọn òyìnbó tí ẹṣin ń tẹ̀ lé kiri láìsí okùn àti ìjánu, mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán. Baba rẹ́rìn-ín. “To, ba igiya,” ó ní, kò sí okùn mọ́ nìyẹn. Ó kó gbogbo okùn inú àgbàlá, ó tì wọ́n mọ́ yàrá.

Èmi ọ̀gá ẹlẹ́ṣin bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gbé àyà síwájú, mo na eèrí ọkà bàbà sí i, mò ń fi Hausa pè é. Bí mo bá yà sọ́tùn-ún, á yà sósì. Bí mo bá sún mọ́ ọn, á lọ fi ìdí ti ògiri. Ọjọ́ ń lọ, Iléyá ń bọ̀, inú sì ń bí mi sí ẹranko tí mo fẹ́ gbà là.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Màámi yà kí Baba. Ó kúnlẹ̀ sínú yanrìn bí ó ti máa ń ṣe, ó dojú kọlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí i: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìjókòó, àwọn ọmọ ńkọ́, ina gajiya, báwo ni àárẹ̀. Baba ń dáhùn lafiya lau, lafiya lau, àlàáfíà ni. Ẹnu kíkí yìí ni wọ́n wà tí abo ẹṣin fi mí sílẹ̀ tèmi teèrí mi. Ó rọra rìn lọ, ó gbé imú lé gèlè Màámi. Ẹ̀rù ba Màámi, ṣùgbọ́n èèyàn kì í dá kíkí àgbà dúró láàárín, ó ń kí i lọ. Ìlara fẹ́ẹ̀ pa mí.

Nígbà tí Màámi dìde, ó wo bí mo ṣe dúró. “Kúnlẹ̀ kí ìwọ náà kí i,” ó ní. “Ṣé bí wọ́n ṣe ń ya wọ ilé onílé nìyẹn?”

Bí mo ṣe di ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún ẹṣin nìyẹn. Láràárọ̀, mo ń kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, mo ń kí i bí ẹni ń kí ìyá ọkọ. Ó kọ́kọ́ ń wò mí lókèèrè. Nígbà tó yá, mo gbọ́ èémí rẹ̀ lọ́rùn mi. Bí kò bá fẹ́ ọwọ́ mi, mo ń gbé e kúrò. Bó bá fẹ́ lọ, mo ń jẹ́ kó lọ, á sì padà wá. Ó di pé bí mo bá rìn, á rìn, bí mo bá dúró, á dúró, à ń yí igi dóńgóyárò náà po nínú eruku títí n kò fi mọ ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹnì kejì.

Ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá, àwọn ọmọ Baba dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣílẹ̀kùn. Kẹ̀kẹ́ márúwá ń sáré kọjá, ariwo gba ibi gbogbo. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo dìde, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. N kò bojú wẹ̀yìn. Mo dé òpópónà, n kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, omijé ti ń gba ojú mi. Àfìgbà tí imú gbígbóná kan kàn mí léjìká. A dúró díẹ̀ níbẹ̀, àwa méjèèjì. Òun ló kọ́kọ́ yí padà, èmi ni mo tẹ̀ lé e wọlé. Àkọ́bí Baba yà fún un lọ́nà. “Ta gidanmu ce,” ó ní, ará ilé wa ni.

Àdúgbò Jiddari Polo ni mò ń gbé báyìí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Baba ti lọ, abo ẹṣin náà darúgbó, ó sì kú sí àgbàlá yẹn. Ìrìn kékeré yẹn ni n kò lè gbàgbé. Ó lè sá lọ. Ó lè dúró sínú ilé, kí wọ́n wá mú un lọ. Kò sí ohunkóhun lọ́wọ́ mi tí mo fi lè fà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fẹ́ràn mi láti ìgbà náà, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ bó ṣe máa ń rí tí ẹni tó lè lọ bá tẹ̀ lé ọ.