Òwú Ẹnu Aláròyé

Bí òwú bá yọ létí aṣọ yín, tí ẹ sì wọ ilé ìyá aránṣọ yìí, ẹ ò ní tíì jókòó tán tí ọwọ́ rẹ̀ á ti dé ibẹ̀. Á fà á já, á jù ú nù, ọ̀rọ̀ tó ń bá yín sọ kò ní dúró. Màmá Abẹ́rẹ́ làwọn aládùúgbò ń pè é. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe nísàlẹ̀ ilé a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá ń gbé òkú kọjá, Màmá Abẹ́rẹ́ á ṣì yọ òwú lára aṣọ àwọn tó gbé e.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Àìsàn mú un lọ nígbà òjò, ohun tó sì fi sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ kò ju ológbò funfun kan lọ. Aláròyé lorúkọ rẹ̀, torí kò sí ohun tí kì í ráhùn lé lórí: ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, àwo tó gbẹ, òjò pàápàá. Lórí ibùsùn àìsàn lọmọ ti ń pàṣẹ fún ìyá.

"Màmi, ẹ má fún un lóúnjẹ tó ní àlùbọ́sà o. Ẹ má jẹ́ kó tọ́ ṣokoléètì wò. Oògùn eku ò sì gbọdọ̀ wọlé."

"Ṣé èmi á ní ológbò, màá tún máa ra oògùn eku? Kóun náà ṣiṣẹ́ oúnjẹ ẹ̀ ni."

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ìyá rẹ̀ ṣì ń gbọ́ títí dòní.

Ó pa àṣẹ náà mọ́. Ó kó àlùbọ́sà sínú agolo onídèérí, ó gbé ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ balùwẹ̀ sókè pátápátá. Òdòdó tí oníbàárà kan gbé wá, ó dá a padà, torí ó gbọ́ pé irú rẹ̀ ń pa ológbò. Ó ń ṣọ́ ilé ìdáná bí ẹni ń ṣọ́ olè. Àmọ́ bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó ṣọ́ yàrá ìránṣọ, níbi tí òwú wà nílẹ̀ káàkiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Aláròyé jáde lábẹ́ tábìlì, òwú pupa rọ̀ létí ẹnu rẹ̀. Màmá Abẹ́rẹ́ ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú òwú, ó fà á. Òwú náà le. Ó tún fà á títí tó fi já. Ológbò ké, ó sá wọ abẹ́ ibùsùn. Látìgbà náà, kò ṣàròyé mọ́. Nígbà tó ń bì, tí kò sì fẹnu kan omi, ìyá fi ìborí wé e, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Dókítà yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó fọwọ́ tẹ inú rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ rí òwú lẹ́nu ẹ̀?"

"Mo rí i."

"Ṣé ẹ fà á?"

Ó lè parọ́, kò sí ẹlẹ́rìí.

"Mo fà á, ọmọ mi. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"A kì í fà á, Mà. Ìdí ẹ̀ ti wọ ìfun. Téèyàn bá fà á, ṣe ló máa gé ìfun bí ọ̀bẹ. Ṣe lẹ ò bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e wá kíákíá. Ẹ jẹ́ n gbìyànjú."

Màmá Abẹ́rẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lóde, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó má tún gba èyí. Nígbà tí dókítà jáde, orí ló tẹ̀ ba.

"Ẹ má bínú, Màmá. A sa gbogbo ipá wa. Ó ti lọ."

Ó sunkún ológbò, ó sì sun ẹkún ọmọ tí kò tíì sun tán. Bá a bá ń sunkún, à á máa ríran. Òwú kan yọ létí ọwọ́ aṣọ funfun dókítà. Ọwọ́ Màmá Abẹ́rẹ́ ti dé ibẹ̀ kó tó mọ̀. Ló bá ká a padà sáyà bí ẹni tí iná jó.

"Dókítà, ẹ bá mi mú sísọ́ọ̀sì wá."

Dókítà mú un wá. Màmá Abẹ́rẹ́ gé òwú náà jẹ́jẹ́, kò fà á.