Ọ̀mì Ẹni Mẹ́ta

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Èmi náà, bí ẹlòmíràn bá jókòó tì mí tó sọ irú rẹ̀, n ó bi í bóyá ẹmu òwúrọ̀ ló mu àbí ti ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó mi, tó ti ń gba irọ́ mi gbọ́ láti ìgbà tí mo ti ń fẹ́ ẹ sọ́nà, kò gba èyí. Nítorí náà n ó sọ ọ́ bó ṣe rí, n kò ní fi iyọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ iyọ̀, kó bù ú sí tirẹ̀.

Àwa mẹ́rin ni a jọ lọ ilé ìwé gírámà ní Ìkọ̀lé. Olùkọ́ kan wá kọ́ wa ní físíìsì nígbà náà, ó sì kó kásẹ́ẹ̀tì rọ́ọ̀kì wá, orin àwọn òyìnbó onírun gígùn tí gìtá wọn ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta tí kò sí ata nínú rẹ̀. Olùkọ́ náà lọ, àìsàn tó kó ràn wá kò lọ. Àwọn ẹgbẹ́ wa yòókù dàgbà, wọ́n di ọlọ́gbọ́n ènìyàn. Àwa mẹ́rin kò rí oògùn rẹ̀ lò.

Ọ̀kan nínú wa kọ́ ilé sí Ìlúpéjú. Onílé ni a ń pè é, torí àwa yòókù ṣì ń fi ẹnu kọ́ tiwa nígbà náà. Ó gbé iná oòrùn sórí òrùlé, ó ra tẹlifíṣàn tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí iyán sì ti fìdí kalẹ̀ nínú ikùn, a ó pé sí pálọ̀ rẹ̀. Èkejì wa ń dá oko kòkó ní Ìgbólé, Àgbẹ̀ ni tirẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ katikíìsì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ọ̀yẹ́. Onílé yóò yan fídíò orin àtijọ́ méjì, a ó wo méjèèjì, a ó wá dìbò èyí tó dára jù.

Ìbò ìkọ̀kọ̀ ni. Ká ní gbangba ni, ibi tí ẹni àkọ́kọ́ bá yà sí ni Katikíìsì ń bá a yà sí. Abọ́ tánganran méjì, pupa kan fún fídíò àkọ́kọ́, àwọ̀ ewé kan fún èkejì, ni a gbé sórí tábìlì nínú yàrá Onílé. Kálukú yóò mú òkúta wẹ́wẹ́ kan, yóò gba abẹ́ kọ́tìnì wọlé, yóò sọ ọ́ sí abọ́ tó bá wù ú. Yèyé, ìyá Onílé, ló jẹ́ ká máa fi òkúta dìbò. Ó béèrè irú orin tí a ń gbọ́, Katikíìsì, tí kì í jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì kọjá láìtúmọ̀ rẹ̀, sì ní orin àpáta ni. Yèyé yin Ọlọ́run lógo, torí ta ni kò mọ Ẹni tí ṣọ́ọ̀ṣì ń pè ní Àpáta? Ó ròyìn wa kiri àdúgbò pé ẹgbẹ́ akọrin mímọ́ ni ọmọ òun dá sílẹ̀. Ó wá ya pálọ̀ lọ́jọ́ kan, ó bá ọkùnrin kan lórí tẹlifíṣàn, tó wà lórí ìkúnlẹ̀, tó ń làágùn, tó ń fi eyín fa okùn gìtá. Yèyé wò ó títí, ó ní ṣé àdúrà ló mú un tó báyẹn ni. Láti ọjọ́ náà ni òkúta ti di ìwé ìdìbò wa.

Nítorí pé a pé mẹ́rin, ọ̀mì la máa ń sábà ta: méjì síhìn-ín, méjì sọ́hùn-ún. Ọ̀mì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Àgbẹ̀ tiẹ̀ dé fìlà lọ́jọ́ kan, ó ní òun kò bá wa ṣe mọ́. Onílé ló dá a pé bí a bá ti ta ọ̀mì, Yèyé ni ká bi. Ẹ̀yìnkùlé ni Yèyé máa ń jókòó sí tó ń bó ẹ̀gúsí, gbogbo rẹ̀ ló sì ń gbọ́ lójú fèrèsé. Yóò ní èyí tí ọmọ ti ń sunkún nínú rẹ̀ ni òun fẹ́. Gìtá lọmọ tó ń sunkún. Ibi tó bá fì sí, ibẹ̀ náà ni.

Lópin ọyẹ́, Onílé kú. Orí ló ní ó ń fọ́ òun, a kò sì tí ì gbé e dé ilé ìwòsàn Ìdó tó fi bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, a rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n Yèyé ránṣẹ́ sí wa pé ṣé òkúta ló tán ni. A padà lọ. Àgbẹ̀ ló yan fídíò lọ́jọ́ náà. A wò ó, a dìbò, mo wọlé lọ gbé abọ́ jáde. Òkúta méjì wà nínú pupa, méjì wà nínú aláwọ̀ ewé.

Ìṣirò ni mo fi ń jẹun. Ẹni mẹ́ta kì í ta ọ̀mì. Mo fẹ̀sùn kan Àgbẹ̀, ó tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ síta. Àgbẹ̀ fẹ̀sùn kan Katikíìsì, Katikíìsì ní òun yóò fi Bíbélì búra, ó wá rántí pé Bíbélì náà ló ní ká má búra. Ó yẹ ká rẹ́rìn-ín, a kò rẹ́rìn-ín. Láti ẹ̀yìnkùlé ni Yèyé ti ń béèrè pé ṣé kì í ṣe ọ̀mì ni, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò tíì wá bi òun.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí orin kan bá wà tí gìtá ń dá ké nínú rẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu, irú èyí tí Onílé fẹ́ràn, tó sì fẹ́ fìdí rẹmi, òkúta kẹrin yóò bá a níbẹ̀. Àwàdà wa dínkù. Òórùn ìpara Onílé kò kúrò nínú yàrá náà. Katikíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kó tó wọlé. Àgbẹ̀, tí wọ́n ń bọ Ògún nílé baba rẹ̀, a fọwọ́ kan irin ilẹ̀kùn. Èmi tí mò ń fi àwọn méjèèjì ṣẹ̀fẹ̀, n ó súfèé wọlé, n kì í súfèé jáde. Mo ń sọ fún ara mi pé Yèyé ni. Yàrá náà ṣáà ní ilẹ̀kùn kejì tó já sí ẹ̀yìnkùlé. Mo di èrò yẹn mú bí ẹni di agbòjò mú nínú ìjì.

Nígbà náà ni àbúrò Onílé obìnrin dé láti Àbújá. Ó fẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ. Ojú Yèyé ti ń ṣú, sítóòfù sì ti jó o ní ìró, òun nìkan ló sì kù nínú ilé. Yèyé kọ̀ jálẹ̀.

“Ọmọ mi ṣì ń dìbò,” ló wí. “Ẹni tó ń dìbò kò tí ì lọ. Ṣé kí n wá fi òun nìkan sílẹ̀ nínú ulé yìí ni?”

Ọmọbìnrin náà sunkún wá bá wa. Ó ní, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, eré yín ló so ìyá mi mọ́lẹ̀, ẹ wá tú u. Àwa mẹ́ta lọ bẹ Yèyé. Ó gbọ́ wa tán, ó wá sọ ohun tí a kò retí: ká dìbò rẹ̀. Abọ́ pupa, kí òun máa lọ. Abọ́ aláwọ̀ ewé, kí òun dúró. Ẹni mẹ́ta kúkú ni wá, ibi tó bá já sí ni òun yóò gbà.

Àbúrò wa kò fẹ́ màgòmágó. Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró. Ó fọ abọ́ méjèèjì, ó dojú wọn délẹ̀ kí gbogbo wa rí i. Ó mú Yèyé jókòó sí pálọ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kálukú wa na òkúta kan ṣoṣo hàn án. A kò tan tẹlifíṣàn. Inú dúdú rẹ̀ ni a ti ń rí ara wa, tí a kéré.

Katikíìsì wọlé, a gbọ́ ọ: kán-ún. Àgbẹ̀ wọlé: kán-ún. Èmi ni mo kẹ́yìn. Pupa ni mo sọ tèmi sí, torí mo ti rí ojú ibi tí iná ti jó ìró yẹn. Mo wo inú abọ́ kí n tó jáde. Méjì wà nínú pupa, ẹyọ kan wà nínú aláwọ̀ ewé. Yèyé ń lọ nìyẹn. Mo jáde, mo jókòó, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi sọ ọ́.

Kán-ún.

Láti inú yàrá ni. Àwa márààrún wà ní pálọ̀. Kọ́tìnì kò mira. Àbúrò wa ló dìde, ó lọ gbé abọ́ méjèèjì wá. Méjì, méjì.

“Ọ̀mì,” ni Àgbẹ̀ wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Yèyé rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́ láti ìgbà ìsìnkú.

“Ẹ̀yin fẹ́ pín mi bí ẹran Iléyá,” ló wí. “Òun ní kí ẹ bi mí.”

Òótọ́ sì ni, kò sí ẹni tó tíì bi í. Gbogbo wa la ti ń sọ ohun tó yẹ fún un. Ọmọbìnrin rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní Yèyé, kí lẹ fẹ́? Yèyé tún ìró rẹ̀ ró.

“N ó lọ,” ló wí. “Ẹ má sọ pé tipátipá ni o. Wọ́n bi mí, mo dáhùn.”

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí kọ́tìnì, ó sọ̀rọ̀ bí ìyá tó ń lọ sọ́jà ṣe ń bá ọmọ tó sùn sí yàrá sọ̀rọ̀. Ó ní kó má jókòó sí ulé òfìfo, kó máa bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Àwa mẹ́ta wo ojú ara wa. Katikíìsì yára sọ pé ilé òun kò fẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sìn wọ́n. Mọ́tò wọn gba ọ̀nà Ìkọ̀lé lọ, Yèyé kò wẹ̀yìn. Mo ti géètì, mo dá ọ̀kadà kan dúró tí yóò gbé mi dé ilé ìwé ní Ọ̀yẹ́. Ọlọ́kadà náà kò mọ̀ mí rí. Mo jókòó, kò gbéra. Ó yí ọrùn padà díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi,” ló wí. “Ẹni tó wà lẹ́yìn yín kò rí ibi jókòó dáadáa.”

N kò wẹ̀yìn. Mo sún síwájú.