Ohùn Ọmọ Ọba Tí Wọn Ò Fún Mi

Lọ́jọ́ tí Àǹtí Ṣọlá, olùdarí wa ní sítúdíò kan ní Yábàá, pín ipa fún wa, èmi ni mò ń retí kó pè fún ọmọ ọba. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ohùn ṣeré. Iṣẹ́ wa ni ká máa fi Yorùbá rọ́pò èdè òyìnbó inú fíìmù: tí ẹnu òyìnbó bá ti pa dé, tiwa náà gbọ́dọ̀ dákẹ́. Èyí tó délẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ìtàn ìgbésí ayé ọmọ ọba kan nílẹ̀ Yúróòpù, láyé tí wọ́n ṣì ń sán idà mọ́dìí lọ sóde. Ọmọ náà mọ ẹṣin gùn, ó mọ ijó jó, àwọn ará ìlú sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ọba bàbá rẹ̀ lọ.

"Kúnlé ni ọmọ ọba," Àǹtí Ṣọlá wí, ó sì kọjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n Délé, ẹ̀yin lẹ máa ṣe bàbá rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ń ta bí ẹni fi ata sójú egbò. Kúnlé kẹ̀! Ọmọ tí èmi fúnra mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí nídìí máíìkì! Látìgbà náà, gbogbo ohun tó bá ṣe ló ń bí mi nínú. Tó bá ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó bọ́ sí i, inú mi á bàjẹ́. Tó bá ṣì í kà, màá wolẹ̀ kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín mi. Nígbà tí àwọn ọmọ sítúdíò bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "Kábíyèsí Kékeré", mo ní orí ń fọ́ mi, mo bọ́ síta.

Ó wá ku ibi tí ibà ti dá ọmọ ọba dúbúlẹ̀. Ọba ò kọ́kọ́ fẹ́ lọ wò ó, torí orúkọ ọmọ náà tí gbogbo ìlú ń pè ń dùn ún. Ìgbà tó máa fi dé ibẹ̀, ọmọ ti ń kú lọ. Mo sunkún sí máíìkì bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sun.

Àǹtí Ṣọlá dá mi dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹkún yìí ti dáa jù. Ọkùnrin yìí ń ṣe ìlara ọmọ rẹ̀. Òun gan-an ò tíì mọ̀ bóyá òun fẹ́ kó yè."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo wo Kúnlé nídìí máíìkì kejì, tó di ojú, tó ń mí bí ẹni tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́ lára rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ọba sí máíìkì pé, "Dìde. Orúkọ rẹ ni wọ́n ń pè níta, wọn ò pe tèmi. Dìde, lọ dá wọn lóhùn."

Kúnlé lajú, ó ń wò mí. Ó yára wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó kàn án.

"A ti rí i gbà sílẹ̀," Àǹtí Ṣọlá wí.

Lẹ́yìn tí fíìmù jáde, èmi àti Kúnlé yà ra búrẹ́dì n'Íjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Kúnlé ló kọ́kọ́ kí ìyá oníbúrẹ́dì; ìyá ò tiẹ̀ gbójú sókè. Èmi wá ní, "Ẹ bá wa mú èyí tó ṣì gbóná, mà."

Ìyá náà yíjú pa dà wìì. "Ẹ̀yin lọba yẹn! Ọba onílara! Kí lọmọ bíbí inú yín fi ṣe yín?"

Kúnlé rẹ́rìn-ín. "Mà, èmi lọmọ náà."

Ìyá wò ó látòkè délẹ̀. "Gba ibí, jàre. Ọmọ yẹn ti kú."

Ló bá tún kọjú sí mi, ó ń bú mi lọ ràì. Mo yọ́jú wo Kúnlé. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó fajú ro. Mo mọ ojú yẹn dáadáa. Èmi náà ti gbé e káàkiri rí. Mi ò sọ fún ìyá náà pé kó dákẹ́.