Lékèélékèé Fàdákà

Ọ̀gá mi obìnrin ló kọ́kọ́ sọ ìtàn lékèélékèé náà fún mi, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìkọ̀tún níbi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ fàdákà rírọ, lọ́jọ́ tí mo bi í pé kí ló dé tí gbogbo ẹyẹ tó ń rọ fi ń fi ẹsẹ̀ kan dúró. Erékùṣù kan lẹ́bàá òkun ni wọ́n bí ọ̀gá mi sí. Ó ní lọ́jọ́ tí bàbá òun lọ pẹja tí wọn ò padà, lékèélékèé kan bà sórí òpó tí wọ́n máa ń so ọkọ̀ mọ́, ó fi ẹsẹ̀ kan dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìdí nìyẹn tó fi ń rọ ọ́ sí yẹtí. Fàdákà ni ara rẹ̀. Dígí tí a lọ̀ kúnná bí àtíkè la ń wọ́n sí i, funfun fún ìyẹ́, búlúù fún omi abẹ́ ẹsẹ̀, a ó wá fi sínú iná títí dígí á fi yọ́, tí á máa dán.

Ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ náà, ẹnu mi ló burú. Èmi ọmọ Ìgàndó, tí lékèélékèé tí mo mọ̀ ò ju èyí tó ń tẹ̀lé màlúù kiri lọ, mo rí i pé bí ọ̀gá bá ti sọ ìtàn yẹn, oníbàárà kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Bí ọ̀gá bá ti wà lẹ́yìn nídìí iná, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bíi tèmi. Ẹ sáà wo ìwà: "bàbá mi" ni mo ń wí. Bàbá mi tó wà láàyè, tó ń lẹ táyà ní Ìgàndó! Mo tiẹ̀ mọ ibi tó yẹ kí ohùn mi ti gbọ̀n.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan wá láti Ẹ̀gbẹ́dá, ó ń wá ohun tí òun máa fún ìyàwó ọmọ òun. Mo pa bàbá mi fún un dáadáa. Omi lé ròrò sójú ìyá.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ ò tiẹ̀ rí òkú wọn sin?"

"A ò rí i, mà."

Bí mo ṣe gbójú sókè, bàbá mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀pà sísè nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ti gbọ́.

Ìyá kí i. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé ẹ mọ ọmọ yìí ni?"

Kó tó lanu, mo ti dáhùn: "Ará àdúgbò wa ni, mà."

Bàbá mi wò mí, ó wo yẹtí orí tábìlì, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ará àdúgbò ni wá, jàre. Mo mọ bàbá ẹ̀ dáadáa. Ó fẹ́ràn ọmọ yìí gan-an."

"Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere."

"Àmín," ni bàbá mi wí. Ó gbé ẹ̀pà kalẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí ìyá ra yẹtí tán tó lọ, ọ̀gá mi jáde láti ẹ̀yìn. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pariwo. "Bàbá tèmi, mo ṣì ń wọ̀nà pé kí wọ́n wọlé. Tìẹ wọlé, o ní ará àdúgbò ni. Sáré tẹ̀lé wọn."

N kò sáré. Ojú ń tì mí.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dé ilé, bàbá mi á ní, "Ará àdúgbò, káàbọ̀ o! Ṣé o ti jẹun?" Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ ìdí. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Bá a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn títí ó fi kú, n kò sì fi ọjọ́ kan bẹ̀ ẹ́.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí. Mo ṣì ń rọ ẹyẹ náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí nípa ẹsẹ̀ kan yẹn, mo máa ń ní ọ̀gá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, "ará àdúgbò" tí bàbá mi máa ń pè mí yẹn, ṣé ó ti dárí jì mí ni, àbí ó ń dúró kí n bẹ òun?