Ọkọ̀ Bàbá Mi, Orogún Ìyá Mi

Nígbà tí orí mi kò tíì ga ju bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ bàbá mi lọ, Agbowó là ń gbé, nínú ilé kan tó wà lórí òkè téńté. Àwọn ayálégbé mìíràn a máa wá ilé tó sún mọ́ títì, tàbí èyí tí omi ẹ̀rọ ti ń yọ dáadáa. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé ni bàbá tèmi wò kí wọ́n tó sanwó. Ọkọ̀ wọn kì í sítáàtì àfi tí a bá tì í, ẹni tó bá sì ń gbé lórí òkè, ìdajì iṣẹ́ ọkọ̀ títì ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí Ìbàdàn láwọn ọdún tí bẹntiróòlù wọ́n bí ojú yẹn, ó dá mi lójú pé ẹ ti ti ọkọ̀ rí, ìbáà jẹ́ ti bàbá yín tàbí ti aládùúgbò.

Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi ní Sẹkitéríàtì. Ará Èkìtì ni wọ́n, wọ́n sì ti pinnu pé àwọn kò ní wọ ọkọ̀ èrò lọ sílé fún Kérésìmesì mọ́ láé. Nígbà tí ọ̀gá wọn kan fẹ̀yìn tì, wọ́n ra ọkọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ ẹ̀kọ ni ọkọ̀ náà ní. Bí oòrùn bá pa á, inú rẹ̀ á máa yọ òórùn bẹntiróòlù, fóòmù àtijọ́, àti èèpo ọsàn tí àwa ọmọ ti jẹ síbẹ̀. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn èèpo ọsàn níbi tó bá ti móoru, ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ni ọkàn mi ń lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ní ètò tirẹ̀. Bí a bá ti jẹ búrẹ́dì tán, bàbá á jókòó sídìí ọkọ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn, wọ́n á tẹ kíláàṣì, wọ́n á fi jíà sí ipò kejì, wọ́n á wá na ọwọ́ síta lójú fèrèsé. Ìyẹn ni pé ká máa tì í. Èmi, Bísọ́lá àbúrò mi, àti ìyá wa tó so ìró mọ́ àyà la máa wà lẹ́yìn. Ìyá Kàbírù tó ń gbé nísàlẹ̀ a máa fi pákò há ẹnu wá tì í, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà lójúlé kejì náà kì í sì í gbẹ́yìn. Ọkọ̀ á yí, á yí, á sì wúkọ́ lójijì, èéfín dúdú á bò wá lójú. Bàbá kò jẹ́ dúró dè wá, torí bí wọ́n bá dúró ó tún lè kú. Ṣe la máa sáré lé e, tí a ó máa bẹ́ wọlé. Mo ń dé iléèwé pẹ̀lú èéfín nínú ihò imú, inú mi á sì máa dùn ṣìnkìn. Ọmọ mélòó ló ń wọ ọkọ̀ bàbá rẹ̀ wá ní kíláàsì wa?

Òfin inú ọkọ̀ yẹn pọ̀ ju ti ilé lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbá ilẹ̀kùn. Bísọ́lá gbá a lọ́jọ́ kan, háńdù ilẹ̀kùn sì já lé e lọ́wọ́. Bàbá ní kó kúnlẹ̀ ní pálọ̀, kó ká ọwọ́ sókè, kó sì di háńdù náà mú títí àwọn á fi jẹun tán. Ìyá wa dorí kodò sínú àwo iyán kí bàbá má bàá rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Òfin tó le jù ni ti òkúta. Hándì bírékì ti kú tipẹ́, òkúta ńlá kan ló ń dá ọkọ̀ dúró lórí òkè. Bàbá fi ọ̀dà funfun kùn ún kí ẹnikẹ́ni má bàá ṣì í gbé. Búùtù ni ibùgbé rẹ̀, ibi tí a bá lọ là ń gbé e lọ. Bí a bá dé, ọ̀kan nínú wa á bẹ́ sílẹ̀, á fi òkúta há iwájú táyà, kí bàbá tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bírékì. Ẹbí tí ilé rẹ̀ bá wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, a kì í sábà bẹ̀ ẹ́ wò.

Bọ̀dá Mùfú ni mẹkáníìkì wa. Abẹ́ igi máńgòrò ní ìsàlẹ̀ àdúgbò ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Ọmọlúwàbí ni wọ́n, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, àmọ́ wọn kò tún nǹkan kan ṣe rí nínú ọkọ̀ yẹn kí òmíràn má yọjú. A lè gbé e lọ nítorí pulọ́ọ̀gì, wọ́n á ní rédíétọ̀ ń jò. Bí rédíétọ̀ bá gbádùn, bátìrì á dákú. Wọ́n á tẹ́ etí sí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á mi orí bíi dókítà, wọ́n á ní, "Sà, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá bẹ́ẹ̀ o." Bàbá á yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n á máa nù ún, àwa ọmọ á sì ti mọ̀ pé ẹran kò ní pọ̀ lọ́bẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ìyá mi ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà ń dùn jù. Aránṣọ ni wọ́n, máṣìnnì alọ́wọ́ tí wọ́n bá délé ọkọ ni wọ́n ṣì ń yí. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ti le koránkorán níbi tí igi rẹ̀ ti ń ha wọ́n. Máṣìnnì ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, tí ọwọ́ méjèèjì á fi ráyè di aṣọ mú, tí iṣẹ́ á sì yá. Wọ́n ń dá àjọ sí i pẹ̀lú àwọn obìnrin àdúgbò. Ẹ wá wò ó, ọkọ̀ yẹn létí. Bó bá ti ku díẹ̀ kí àjọ kan ìyá mi, kíá ló máa dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní orogún. Bí bàbá bá ń fọ̀ ọ́ ní Sátidé, ìyá mi á kí wọn kú ìtọ́jú ìyàwó, wọ́n á béèrè bóyá orogún àwọn ti jẹun. Bàbá á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, wọ́n á máa nu gíláàsì iwájú lọ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, obìnrin kan tó dá iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ ní Bódìjà ṣèlérí pé òun á kó gbogbo yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé òun fún ìyá mi láti rán bí ọdún tuntun bá wọlé. Ó ní àfi kí wọ́n ti ra máṣìnnì gidi kí Kérésìmesì tó kọjá, torí alọ́wọ́ kò lè bá iṣẹ́ yẹn. Àjọ tó ń bọ̀ á ra máṣìnnì náà gẹ́lẹ́. Bàbá búra pé ọkọ̀ kò ní gbóòórùn owó yìí rárá. Ìyá mi gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n ti palẹ̀ igun kan mọ́ ní pálọ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni máṣìnnì máa wà.

Lọ́sẹ̀ tí àjọ jáde, jíà ọkọ̀ fọ́ lórí òkè Mọ́kọ́lá. Bàbá fẹsẹ̀ rìn wálé, wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì. Ìyá mi kò pariwo. Wọ́n tú etí ìró, wọ́n gbé owó náà sórí tábìlì, wọ́n padà sí ìdáná. Láti ọjọ́ náà wọn kò pe ọkọ̀ ní orogún mọ́, wọn kò kí bàbá kú ìtọ́jú ìyàwó. Ẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ yẹn bà mí ju ìjà lọ, torí ilé wa kò mọ bí a ṣe ń gbé láìsí àwàdà ìyá mi.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà la ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bódìjà. Ẹ rántí ìkórè ayé ìgbà náà: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewúrẹ́, adìyẹ tí a so lẹ́sẹ̀, tí a ó máa tà ní gbàǹjo lẹ́yìn ìsìn. Bàbá gbé ọkọ̀ tí owó àjọ ti tún jíà rẹ̀ ṣe sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, mo sì fi òkúta há táyà fúnra mi. Bọ̀dá Mùfú náà wà níbẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí bàbá kì í pè wọ́n wá jẹ ìrẹsì ìkórè.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi àti ìyá mi wà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń dáná. Ọ̀kan nínú àwọn òkúta ààrò fọ́, Màmá Àdùkẹ́, tó dàgbà jù láàárín ẹgbẹ́ ìyá, sì ní àwọn ń lọ wá òmíràn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí ọ̀kan dé, tí wọ́n ń yọ̀ pé àwọn fi ọmọ odó yọ òkúta dáadáa kan lábẹ́ mọ́tò ẹnì kan. Ìyá mi wo òkúta, wọ́n rí ọ̀dà funfun. Kí wọ́n tó la ẹnu, a gbọ́ igbe látiwájú.

Àwọn tó rí i ní ọkọ̀ náà kò kọ́kọ́ mira. Ó dúró bí ẹni tó ń rò ó. Nígbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, láìsí ariwo ẹ́ńjìnnì, láìsí ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀. Àwọn èèyàn ń yà fún un lọ́tùn-ún lósì, títí ó fi lọ forí sọ òkìtì iyanrìn tí wọ́n kó kalẹ̀ fún ilé ìjọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì gbàǹjo gan-an. Iná iwájú kan fọ́. Ọlọ́run ṣeun, kò kan ẹnikẹ́ni, adìyẹ pàápàá kò kú. Bọ̀dá Káyọ̀dé tó ń ta ọjà gbàǹjo gbé iṣu ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní ọjà mìíràn ti dé, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ta ló máa kọ́kọ́ dá owó lé e? Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Bọ̀dá Mùfú wá na ọwọ́ sókè, wọ́n dá owó lé e. Owó gidi ni, kì í ṣe owó àwàdà. Bàbá yíjú sí wọn, wọ́n béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe.

"Sà," ni Bọ̀dá Mùfú wí, "kò sí àìsàn tó ń ṣe é tí mi ò mọ̀."

Ẹ̀rín tún sọ. Àmọ́ mo rí ojú bàbá mi. Ẹni tó ti fi mọ́tò wọ ìlú rẹ̀ rí, tí gbogbo àdúgbò ń yà lọ́nà fún, báwo ló ṣe fẹ́ padà sínú ọkọ̀ èrò? Ìgbà náà ni ìyá mi dé, wọ́n gbá òkúta funfun náà mọ́ra, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n gbé e kalẹ̀ síwájú bàbá. Bàbá wo òkúta, wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún ìyá mi tó ti le, wọ́n yọ gíláàsì, ṣùgbọ́n wọn kò nù ún.

"Mùfú, máa gbé e lọ," ni wọ́n wí. Wọ́n wá yíjú sí ìyá mi. "Ìyá Fọlákẹ́, lọ ra máṣìnnì rẹ."

Bí a ṣe fẹsẹ̀ rìn lọ sílé nìyẹn nínú aṣọ ìkórè, èmi ló gbé òkúta. Lọ́jọ́ kejì, bí bàbá ti jáde pẹ̀lú táì lọ́rùn, èmi àti Bísọ́lá ti dúró síbi tí ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń wà, a ti ká apá aṣọ sókè. Àṣà burúkú. Bàbá wò wá, wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn, ìyá wa gbọ́ ọ nínú ilé, àwọn náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín ti padà sílé wa nìyẹn.

Máṣìnnì ẹlẹ́sẹ̀ dé, yúnífọ́ọ̀mù tẹ̀ lé e, iléèwé kan sì ń júwe ìyá mi fún òmíràn. Máṣìnnì yẹn ló rán èmi àti Bísọ́lá dé yunifásítì. Ní ti ọkọ̀, Bọ̀dá Mùfú fi ń ṣe kabúkabú láti Ring Road sí Challenge fún ọdún gbọọrọ, ẹnikẹ́ni kò sì rí i kí wọ́n tì í rí. Bí wọ́n bá pàdé bàbá lọ́nà, wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á gbé wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá máa ń sọ pé, ó jọ pé àwọn ni ọkọ̀ náà kò fẹ́ràn.

Lónìí, bọ́tìnnì kékeré ni mo fi ń sítáàtì ọkọ̀ tèmi. Kò sí ẹni tó lè tì í, kò ṣe é tì. Iná ofeefee kan ló máa kàn tàn níwájú mi, ọmọkùnrin kan á so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, á mi orí gẹ́gẹ́ bíi ti Bọ̀dá Mùfú, á sì dá owó tí mi ò retí lé mi. Ìyẹn kò yí padà. Ohun tó yí padà ni pé, nígbà tó kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní Ring Road lẹ́nu àìpẹ́ yìí, gbogbo ayé ló ń yà fún mi lọ, kò sí Ìyá Kàbírù pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Fóònù ni mo ń tẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà lọ han àwọn òbí mi ní ilé wọn ní Akóbọ̀, bàbá yí i ká, wọn kò béèrè iye tí mo rà á. Wọ́n wọlé, wọ́n yọ òkúta funfun yẹn lábẹ́ tábìlì máṣìnnì, wọ́n rọra gbé e wá, wọ́n sì fi há iwájú táyà, lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ọkọ̀ láti òkè délẹ̀ bí ìyáálé ṣe ń wo ìyàwó tuntun.

"Fọlákẹ́," ni wọ́n wí, "máṣìnnì ta ni eléyìí fẹ́ jẹ?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mẹkáníìkì bá ti pe owó, ìbéèrè yẹn ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́, mo sì máa ń ronú dáadáa kí n tó tú etí ìró mi.