Wọ́n Yọ Orúkọ Kúrò Nínú Àkọsílẹ̀ Sáfà

Títí di òní, n kò tíì gbàgbé kúẹ́rì tí wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì wa ní Ìkàrẹ́. Ìlà mẹ́ta péré ni. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi pa orúkọ àgbẹ̀ mọ́kànlá rẹ́. N kò pa orúkọ ẹnikẹ́ni rẹ́.

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ gba irúgbìn kòkó sínú kọ̀ǹpútà. Girama ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n n kì í ṣi orúkọ kọ. A ní ọ́fíìsì ní Ìkàrẹ́, a ní òmíràn ní Ọ̀kà, sáfà kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà, ló sì ń tọ́jú orúkọ fún méjèèjì. Ọmọbìnrin kan tó jáde ní yunifásítì ló kọ sọ́fúwíà rẹ̀. Ohunkóhun tí a bá ṣe, sáfà yóò kọ ìlà kan sílẹ̀ nípa rẹ̀: ọjọ́, aago, ọ́fíìsì, orúkọ ẹni tó ṣe é, àti ohun tó ṣe. Láràárọ̀, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ọ̀gá wa, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, kì í rántí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ kan ó gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹrin. Lọ́jọ́ kejì, orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri lẹ́ẹ̀mẹrin, gàdàgbà, láìsí "bàbá" níwájú rẹ̀, tí "ó kùnà" sì tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹrin.

"Ta ló kọ ọ́ pé mo kùnà? Èmi tí mo kọ́ bàbá àwọn kan nínú yín níwèé!"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀rọ ló kọ ọ́," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Ẹ̀rọ tí kò mọ àgbà yẹn, ta ló tọ́ ọ?"

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí wọ́n yọ orúkọ kúrò. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́fíìsì pẹ̀lú, nítorí ẹni méjì péré ló wà ní Ọ̀kà, ẹni tó bá ti rí ọ́fíìsì ti rí orúkọ. Ọmọbìnrin náà ní kì í ṣe ìlà páásíwọ́ọ̀dù nìkan, gbogbo ìlà ni orúkọ yóò kúrò lára rẹ̀, a kò sì ní mọ ẹni tó ṣe kí ni mọ́. Èmi náà lanu: "Ẹ fi orúkọ sílẹ̀. Ká kàn má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri mọ́."

"Màmá tí kì í sọ̀rọ̀!" ni akọ̀wé wí. "Ṣé kọ̀ǹpútà lẹ wá fi là wá lóye lónìí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n yọ orúkọ àti ọ́fíìsì.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, irúgbìn dé. Ọkùnrin kan wá láti Ṣóṣàn tí kò jìnnà sí wa, a kò rí orúkọ rẹ̀. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́," ni ó wí. "Ẹ tiẹ̀ bi mí ní orúkọ agboolé wa." Mo rántí rẹ̀. Nígbà tí a wá gbogbo rẹ̀, àgbẹ̀ mọ́kànlá, ará Ṣóṣàn ni gbogbo wọn, ni kò sí mọ́. Ohun tí sáfà kọ ni ọjọ́, aago, àti "a pa orúkọ kan rẹ́", lẹ́ẹ̀mọkànlá. Ọ̀kà ni mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n pa wọ́n rẹ́.

"Kọ̀ǹpútà wà ní Ọ̀kà náà," ni akọ̀wé wí. "Ta ló ń fọwọ́ kan orúkọ jù yín lọ? Ẹ kàn kọ ọ́ pé àṣìṣe ni. A ò ní lé yín."

N kò kọ ọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọjà. Obìnrin Ṣóṣàn kan dá mi dúró lójú gbogbo èèyàn: "Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́, ṣé orúkọ wa kò dùn lẹ́nu yín ni?" Lára ìlà tí ẹ̀rí mi ì bá ti wá ni wọ́n ti nu orúkọ àti ọ́fíìsì kúrò.

Ọmọbìnrin náà ló ṣàánú mi. Ó dá orúkọ àti ọ́fíìsì padà sínú ìlà, kò gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, orúkọ mẹ́ta tún lọ. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ọ́ kedere: Ìkàrẹ́, orúkọ ọ̀gá. Òun kan náà ló fọwọ́ sí kúẹ́rì mi.

"Àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni mò ń yọ, títí kan mọ́kànlá ìjọ́sí," ni ó wí. "Ẹnì kan kò lè gba irúgbìn méjì."

"Ẹnì kan kọ́, sà," ni mo wí. Nínú àwọn ìdílé Mùsùlùmí agbègbè wa, ẹ lè rí ọkùnrin mẹ́ta tí orúkọ wọn àti ti bàbá wọn bára mu, tí wọn kò sì bára tan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ agboolé sí i. Ọ̀gá kò wo ibẹ̀ kó tó pa wọ́n rẹ́.

Akọ̀wé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Màmá, ẹ fi ṣe ti Ọlọ́run. Àgbà ni. Ẹ má jẹ́ kó hàn síta." Ó kọjú sí ọmọbìnrin náà: "Yọ orúkọ yẹn kíá."

"Kò gbọdọ̀ yọ ọ́," ni mo wí. "Nígbà tí wọ́n ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà lọ́jà, ta ló ní kó má hàn síta? Bí orúkọ bá kúrò nínú ìlà yẹn, èmi náà kúrò níbí. Kí bàbá sì lọ sọ ọ́ fún àwọn ará Ṣóṣàn fúnra wọn."

A jọ lọ sí Ṣóṣàn. Ọ̀gá dìde láàárín àwọn àgbẹ̀, ó wúkọ́, ó ní, "Àṣìṣe kan wáyé."

"Sà," ni mo wí láti ibi tí mo jókòó sí, "ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe é."

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi ni."

Wọ́n kan sáárá sí i. Wọ́n ní àgbà olóòótọ́ ni. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kọjú sí mi pé kí n má bínú.