Sìgá Kan Àtààbọ̀ Láti Ìkàrẹ́ Dé Òkà

Láti gáréèjì Ìkàrẹ́ dé orí òkè Òkà, sìgá kan àtààbọ̀ ni, bí ó bá jẹ́ Jesse Fámúrewá ló wà nídìí ọkọ̀. Àwọn awakọ̀ yòókù a máa fi ìṣẹ́jú sọ ọ́, ṣùgbọ́n Jesse kì í ṣe ẹni tí ń gbé aago sọ́wọ́. Ní ọjọ́ ọjà, sìgá méjì ni ọkọ̀ rẹ̀ fi ń kún. Ní ọjọ́ lásán, mẹ́rin. Iyán ìyàwó rẹ̀ a máa délẹ̀ ní sìgá mẹ́ta. Ìwàásù ọjọ́ Àìkú gùn tó sìgá márùn-ún, ìdí nìyẹn tí Jesse fi máa ń jáde ní àárín rẹ̀ láti lọ wo bóyá ọkọ̀ òun ṣì wà níbi tí òun gbé e sí. Ọkọ̀ náà kò kúrò níbẹ̀ rí.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyí ni ti orí òkè. Ọkọ̀ Jesse ti dàgbà, bí ó bá sì ti gun òkè Òkà tán, ooru a mú un bí ẹni tó ru igi bọ̀ láti oko. Jesse a pa á sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a jókòó sórí òkúta kan tí ìdí rẹ̀ ti sọ di dídán, a sì tan sìgá kan. Bí iná bá ti jó dé ìdí sìgá, rédíétọ̀ ti tutù tó láti ṣí. A ṣí i, a bu omi sí i, ó di Òkà. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, omi gbígbóná kò sì ta sí i lára rí. Àwọn èrò tó ń ráhùn pé ó ń fi àkókò àwọn mu sìgá kò mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń ṣe.

Bridget ìyàwó rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ti gbààwẹ̀ nítorí sìgá yìí títí òun fúnra rẹ̀ fi rù, tí sìgá kò sì rù. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Jesse a rán an létí ìyá òun, tó mu tábà nínú ìkòkò amọ̀ títí ó fi lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Òótọ́ ni. Ìyá náà ló sì kọ́ ọ. Nígbà tó wà lọ́mọdé, òun ni ìyá máa ń rán lọ fi ẹyin iná sí ìkòkò tábà nídìí ààrò, kí iná má baà kú lọ́nà, ọmọ rere a fà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbé e dé. Báyìí ni ìgbọràn sí òbí ṣe sọ Jesse di amusìgá. Nígbà tí ìyá kú lọ́dún tó kọjá, ó rí i dájú pé wọ́n fi ìkòkò tábà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú pósí.

Nítorí náà, nígbà tí Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ kan ṣoṣo tí Jesse bí, bímọ obìnrin ní Òkà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, kò sẹ́ni tó ń béèrè orúkọ. Ìyátúndé ni. Ní ìdílé Fámúrewá, ẹni tí ìyá rẹ̀ bá padà wá ni í gbé ọmọ náà jáde sí gbangba ní ọjọ́ kẹjọ, òun ni í sì kọ́kọ́ fi orúkọ náà pè é kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Jesse ti ń ronú agbádá tí òun yóò wọ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

Rẹ̀mílẹ́kún ni. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì máa ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú àyà rẹ̀. Ó ní ọmọ dé ṣáájú àsìkò rẹ̀, mímí sì kọ́kọ́ ṣòro fún un, àmọ́ ara rẹ̀ ti ń yá. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó tìtorí rẹ̀ pè.

"Bàbá, àyà rẹ̀ kò gba èéfín. Ẹni tó bá ń mu sìgá, tàbí tí ara rẹ̀ bá ń rùn sìgá, kò ní gbé e."

Jesse béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà kan òun. Rẹ̀mílẹ́kún ní bàbá òun nìkan ló kàn, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ń mu sìgá nínú ẹbí. "Ẹ ní títí di ọjọ́ kẹjọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, kò burú, Bàbá Arigidi á bá yín gbé e."

Bàbá Arigidi ni Adébíyìí, àbúrò Jesse, tó ń gbé ní Arigidi. Adébíyìí kò mu sìgá rí, kò mu ọtí rí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, nítorí náà ìyá tirẹ̀ náà ló padà wá. Jesse mọ̀ pé bí Adébíyìí bá gbé ọmọ yìí jáde, ìtàn rẹ̀ ni òun yóò máa gbọ́ ní gbogbo ọdún Kérésì títí wọn yóò fi sin òun. Tí ó bá sì yá, Adébíyìí á tún sọ ọ́ níbi ìsìnkú. Jesse sọ fún ọmọ rẹ̀ pé sìgá ti parí.

Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ìyá òun, tó lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú èéfín, lè lọ sí ọ̀run fún ọdún kan péré kí ó sì padà wá pẹ̀lú irú òfin báyìí.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó dá ààbọ̀ páálí sìgá padà fún Safinat, tí ń ta sìgá, obì àti súwíìtì ní ẹnu ọ̀nà gáréèjì. Safinat fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, bí ẹni tí wọ́n gbé aṣọ òkú fún. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo gáréèjì ti gbọ́. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ awakọ̀ kóra jọ wá bá a, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mu sìgá nítòsí rẹ̀ mọ́. Mẹ́ta nínú wọn gbé sìgá sẹ́nu bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ọjọ́ kìíní yẹn dùn mọ́ Jesse. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti gba àwọn méjì níyànjú lórí ẹ̀dọ̀fóró wọn.

Ní ọjọ́ kejì, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò gbé ara rẹ̀ sí. Ó ń lọ sí àpò, àpò ṣófo, ó ń padà sídìí ọkọ̀. Ebi ń pa á lẹ́yìn tó bá jẹun tán. Ikọ́ tí kò ṣe é rí nígbà tó ń mu sìgá wá ń ṣe é ní ìsinsìnyí tó ti fi í sílẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún sọ fún un lórí fóònù pé àyà rẹ̀ ló ń gbálẹ̀, kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó máa wá nǹkan jẹ lẹ́nu, àti pé bí ọkàn rẹ̀ bá fà sí i, kí ó kàn mú un mọ́ra, yóò kọjá láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Jesse ronú sí i. "Ó tó sìgá mélòó?"

Rẹ̀mílẹ́kún ní kí ó máa sùn.

Oorun kò wá. Ọjọ́ kẹta ni gbogbo ayé wá rí i pé Jesse Fámúrewá, tí wọ́n ti ń pè ní oníwà tútù láti ìgbà pípẹ́, kì í ṣe oníwà tútù. Ìwà tútù náà inú sìgá ló ti ń wá. Ó sọ ìyá kan kalẹ̀ pẹ̀lú àpò gaàrí rẹ̀ ní àárín ọ̀nà nítorí pé ìyá náà ní kí ó dín rédíò kù, ó sì tún padà sẹ́yìn lọ bẹ̀ ẹ́. Nílé, ó bá ìyàwó rẹ̀ jà lórí iyọ̀, ó bá ilẹ̀kùn jà nítorí pé ó dún, ó sì bá ewúrẹ́ aládùúgbò jà nítorí pé ó ń wo òun. Nígbà tó yá, Bridget gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Bàbá Rẹ̀mí," ó rọra sọ ọ́, "bóyá kí ẹ kúkú mu ìdajì."

Jesse wò ó bí ẹni tó rí Sátánì nínú aṣọ Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ. Bridget dìde, ó wọ yàrá lọ, ó sì ṣàlàyé fún Ọlọ́run pé òun kò yí àdúrà ọgbọ̀n ọdún padà o, òun kàn ń béèrè bóyá Ó lè máa gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, Jesse gun òkè Òkà pẹ̀lú èrò mẹ́rin. Ó pa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì jókòó sórí òkúta rẹ̀. Kò sí sìgá láti tàn. Ó jókòó. Ó wo àwọn òkúta ńlá ìsàlẹ̀, ó wo òrùn, ó wo bàtà rẹ̀. Ó dá a lójú pé òun ti jókòó tó ìwàásù méjì. Ó bá dìde, ó fi èkísà bo ìdérí rédíétọ̀, ó sì ṣí i.

Omi náà bó o lápá láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ọ̀kan nínú àwọn èrò náà sọ lẹ́yìn náà pé òun kò tíì bọ́ sílẹ̀ tán nínú ọkọ̀ nígbà tí òun gbọ́ igbe.

Ẹni tó ń ta oògùn ní Òkà fi ìpara sí i, ó wé e, ó wo àwọ̀ ìka rẹ̀, ó sì gbà á níyànjú pé kí ó jáwọ́ nínú sìgá kí egbò náà lè tètè jinná. Jesse dá a lóhùn pé sìgá kò jó òun rí láti ogójì ọdún. Àìmu sìgá ló jó òun ní ọjọ́ kẹrin.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ní etí ara rẹ̀ gan-an, ó sì ń tún un sọ fún ara rẹ̀ títí ó fi padà dé Ìkàrẹ́. Nígbà tó máa fi dé gáréèjì, ó ti di òfin. Ó lọ tààrà bá Safinat, ó na apá tí wọ́n wé sí i, ó sì ṣàlàyé pé sìgá ẹyọ kan ni òun fẹ́, kì í ṣe fún mímu.

"Màá kàn tàn án, màá gbé e sórí òkúta, màá máa wò ó. Bí ó bá jó tán, màá ṣí omi mi."

Safinat ti ń tajà ní gáréèjì fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ó sì ti gbọ́ oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ ti ẹni tó fẹ́ máa fi ojú mu sìgá. "Bàbá Rẹ̀mí, aago lẹ̀ ń wá. Èmi ò ta aago." Ó ki ọwọ́ bọ inú ìgò, ó sì kó súwíìtì tó ń ta ọ̀fun lé e lọ́wọ́. "Ẹ lá ọ̀kan. Bó bá tán, ẹ lá èkejì. Bí èkejì bá tán, ẹ ṣí omi yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi eyín rún un o. Ẹni tó bá rún un, omi á bó o."

Jesse ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Àmọ́ ní ọjọ́ karùn-ún, ó jókòó sórí òkúta rẹ̀, àgbàlagbà ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó ń lá súwíìtì. Lẹ́ẹ̀mejì ni eyín rẹ̀ fẹ́ rún un, tó wo apá rẹ̀, tó sì jáwọ́. Nígbà tí èkejì tán, ó ṣí ìdérí. Omi náà dákẹ́ bí omi ìkòkò. Ó tún ṣàkíyèsí ohun kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: ọkàn tó ń fà sí sìgá bí ẹni tí wọ́n so okùn mọ́ kì í dúró dé ìdí súwíìtì kan. Súwíìtì máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tó bá ti lọ.

Láti ọjọ́ náà, gáréèjì Ìkàrẹ́ sí òkè Òkà di súwíìtì mẹ́ta. Iyán di mẹ́fà. Ewúrẹ́ aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn padà.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Jesse fi ọṣẹ wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wọ agbádá rẹ̀ tó dára jù, ó gbé Bridget sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì gun òkè. Nígbà tí wọ́n dé ilé àna wọn ní Òkà, Adébíyìí ti dé. Ó ti jókòó sórí àga iwájú, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi hunjọ, ó sì gbé e lé orúnkún bí ẹni tó ń dúró de ẹrù. Ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa, ó sì béèrè apá rẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún jáde wá. Níṣojú gbogbo àna, ó gbóòórùn ẹnu bàbá rẹ̀, súwíìtì. Ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ọṣẹ. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá gbé imú lọ sí èjìká rẹ̀, ó sì dúró. Agbádá ìsìnkú ìyá ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Jesse fi mu sìgá nínú rẹ̀ nítorí ìbànújẹ́, láti ìgbà náà ló sì ti wà nínú àpótí pẹ̀lú ìbànújẹ́ náà.

"Bàbá, ẹ̀yin ti jáwọ́," ó ní. "Agbádá yín ni kò tíì jáwọ́."

Adébíyìí wú ikọ́ kékeré kan, ó sì dìde.

Kò tíì nàró tán tí Jesse ti bọ́ fìlà. Ó bọ́ agbádá, ó bọ́ bùbá, ó dúró pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti báńdéèjì níwájú àwọn àna rẹ̀. Rídwàn ọkọ ọmọ rẹ̀ sáré wọlé, ó sì mú ohun tó kọ́kọ́ bá lórí okùn wá, jalabíà funfun kan tí ó fi ń lọ sí Jímọ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí Rídwàn wá tọrọ ọmọ, Jesse ló sọ pé irú aṣọ yẹn kò ní kọjá lẹ́nu ọ̀nà òun. Nísinsìnyí, ó tún ara wẹ̀, ó gbé jalabíà náà wọ̀, ó sì kó súwíìtì rẹ̀ sí àpò rẹ̀. Rídwàn tẹ́ẹ́rẹ́, Jesse kò tẹ́ẹ́rẹ́. Aṣọ náà fún un níkùn, ó sì dúró ní agbedeméjì ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá Rídwàn, tó jẹ́ Alhaji, wò ó pẹ́, ó sì sọ pé ó yẹ ẹ́.

Wọ́n gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Jesse gbé e jáde sí gbangba, ó sì pè é: "Ìyátúndé." Ọmọ náà la ojú kan, ó sín, gbogbo ilé sì na ọrùn. Ó wo ọkùnrin tó wà nínú jalabíà yìí bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n rí, tí kò sì retí láti bá a báyìí. Lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀, ó sì sùn lọ.

Adébíyìí sún mọ́ wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun jẹ́ kí òun náà gbé ìyá òun.

"Ní sùúrù," Jesse dá a lóhùn. "Súwíìtì ẹnu mi kò tíì tán."

Adébíyìí dúró. Alhaji ṣe àdúrà tirẹ̀, ó gùn. Bridget dá orin kan, wọ́n kọ ọ́ dé ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbé oúnjẹ. Súwíìtì náà kò tán. Bridget nìkan, tó dúró lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ló rí i tó rọra ki ọwọ́ tí wọ́n wé bọ àpò jalabíà, tó yọ òmíràn, tó sì jù ú sẹ́nu.